Láti Bìní dé Muṣin: Ìtàn Ìdásílẹ̀ Ilé Iṣẹ́ Ovuomaroro

Bí ẹ bá dárúkọ Ogbe fún ọmọ Nàìjíríà òde òní, pápá ìṣeré ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, pápá tí wọ́n ti wá sọ ní orúkọ Samuel Ogbemudia. Ṣùgbọ́n Ogbe ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ìdajì ìlú Bìní ni. Láti ayébáyé ni títì gbọọrọ kan ti la ìlú náà sí méjì. Ogbe wà lápá kan, ibẹ̀ ni ààfin Ọba wà pẹ̀lú àwọn ìjòyè ààfin tí wọ́n ń pè ní Eghaevbo n'Ogbe. Ore n'Okhua wà lápá kejì, ibẹ̀ ni àwọn ìjòyè ìlú ń gbé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Igun ni ti àwọn tó ń fi idẹ dá ère. Igbesanmwan ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin àti igi. Ohun tí Ogbe bá béèrè ni àwọn oníṣẹ́ ń ṣe. Kó tó di ọdún 1897 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin lọ, tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ọmọ Igun kò lè jókòó sí ìta bàbá rẹ̀ kó dá ère idẹ tà fún ẹni tó bá ń kọjá. Ọba ló ni iṣẹ́, Ọba ló ni oníṣẹ́, inú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì ń bí ọmọ sí.

Irú ìlú báyìí ni wọ́n gbé Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tó dá ilé iṣẹ́ Ovuomaroro sílẹ̀, wá nígbà tó ṣì kéré. Agbarha-Otor, ní ilẹ̀ Urhobo, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1932. Agbẹ́gilére ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére láti ilẹ̀ Urhobo kì í ṣe ọmọ Igbesanmwan, àlejò sì ni ìdílé náà ní Bìní. Ọmọ tó ń rìn kọjá níwájú Igun lè dúró wo iná, kó wo ìda tí wọ́n fi ń mọ ère kí wọ́n tó da idẹ sí i, kó sì gbóòórùn èédú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ẹni tó máa pè é wọlé láti wá kọ́ ọ. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń sọ pé ìgbà èwe rẹ̀ ní Bìní ló fún un ní ọnà, bí ẹni pé ọnà máa ń ran ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ohun tí Bìní fún un ni ojú. Ọwọ́ rẹ̀, ibòmíì ló ti rí i kọ́.

Ilé ìwé ni. Ó lọ sí Western Boys' High School ní Bìní. Kí orúkọ yẹn má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Bìní wà nígbà yẹn, Ìbàdàn ni olú ìlú wọn, ó sì di 1963 kí wọ́n tó ya Àárín Ìwọ̀ Oòrùn sọ́tọ̀. Ní ilé ìwé yẹn ni olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Edward Ivehivboje ti kọ́ ọ ní àwòrán, ó sì tún ń lọ sí kíláàsì àwòrán tí British Council ń ṣe nínú ìlú. Ẹ wo bí ayé ṣe yí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó ọnà Ogbe lọ ní 1897 ni àwọn ènìyàn wọn tún wá ṣí kíláàsì sílẹ̀ ní ìlú kan náà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, tí wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń bọ̀ pé àdúgbò wo ni wọ́n bí i sí. Mi ò fi èyí gbè wọ́n o. Mo kàn ń sọ ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí fún ọmọ àlejò. Bébà, pẹ́ńsù àti ọ̀dà olómi ló wà níbẹ̀. Idẹ kò sí.

Ohun tó le ju kíkọ́ iṣẹ́ lọ ni mímọ ẹni tó máa sanwó fún un. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀nà méjì ni ọmọ tó bá mọ àwòrán yà lè gbà jẹun: kó lọ máa kọ́ni, tàbí kó lọ jókòó sí ọ́fíìsì kan kó máa ṣe iṣẹ́ tí a wá ń pè ní gíráfíìkì lónìí. Ọ̀nà kejì yẹn ni ọmọ Bìní kan gbà, Erhabor Emokpae, tí wọ́n bí ní 1934. Ó kọ́ṣẹ́ ní Yaba, ó sì di òpó pàtàkì ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà Lintas, ilé iṣẹ́ tí UAC bí, tó kọ́kọ́ ń jẹ́ West African Publicity. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ya àwòrán ọṣẹ, bọ́tà àti bíà tí gbogbo wa ń rí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àjọ̀dún àṣà FESTAC máa wáyé ní 1977, Emokpae ló ṣe àmì rẹ̀, orí Idia, ìyá Ọba Esigie, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Inú ààfin ní Ogbe ni wọ́n ti kó ìbòjú yẹn lọ ní 1897. British Museum kọ̀ láti yá Nàìjíríà, àwòrán rẹ̀ ni a wá tẹ̀ sára aṣọ, ife àti ìwé káàkiri Áfíríkà. Bí ẹnì kan bá ń wá iṣẹ́ gíráfíìkì tó lókìkí jù lọ tí ọmọ Bìní ṣe, òun nìyẹn. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ní Lintas ni Emokpae fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Onobrakpeya mú ọ̀nà kìíní. Láti 1953 títí di 1956, ó kọ́ni ní àwòrán ní ilé ìwé tó ti jáde gan-an, Western Boys', lẹ́yìn náà ó lo ọdún kan ní Ondo Boys' High School ní ìlú Oǹdó. Ní 1957, ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì lọ sí Zaria, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá di Ahmadu Bello University. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé nípa Zaria, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá Zaria Art Society sílẹ̀: Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo, Simon Okeke, Onobrakpeya àtàwọn mìíràn. Wọ́n ní àwọn kò ní gba ẹ̀kọ́ òyìnbó mì lódindi, àwọn kò sì ní jù ú nù lódindi. Ohun tó bá wúlò nínú rẹ̀ ni àwọn máa pò mọ́ ti ilé. Wọn kò tíì jáde nílé ìwé tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ gidi. Nígbà òmìnira ní 1960, àwọn kan lára wọn ló kun ògiri níbi ìpàtẹ tí ìjọba ṣe ní Èkó, ojú ọ̀nà tí wọ́n bò lórí ló sì kan Onobrakpeya. Ó ti kọ́kọ́ ṣe àfihàn tirẹ̀ ní Ughelli lọ́dún 1959, nítòsí ilé, kì í ṣe ní Èkó.

Àwọn iṣẹ́ ìwé ló kàn, níbẹ̀ ni ìtàn ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Òun ló ya àwòrán inú *An African Night's Entertainment* ti Cyprian Ekwensi, tó jáde ní 1962. Òun ló ya ti *No Longer at Ease* ti Chinua Achebe nígbà tí Heinemann tún un tẹ̀ sínú ọ̀wọ́ African Writers ní 1963. Ní 1968, nígbà tí Nelson gbé ìtumọ̀ tí Wole Soyinka ṣe sí *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde, àwòrán Onobrakpeya ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwa tí a ka Fágúnwà ní kékeré dá dúró díẹ̀ níbí. Ìwé kan tí ọmọ Òkè-Igbó kọ ní Yorùbá ní 1938, tí ọmọ Abẹ́òkúta túmọ̀, ọmọ Urhobo tó dàgbà ní Bìní ló fi ojú iwin àti ẹbọra hàn wá nínú rẹ̀. Kò ya wọ́n bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún àlejò. Ìlà rẹ̀ nípọn, dúdú àti funfun kọlu ara wọn, ojú iwin kún fún àmì bí aṣọ àdìrẹ. Ọ̀nà tí líno fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí nígbà yẹn líno ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Líno ni ohun ìtẹ́lẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Ayàwòrán á fi abẹ fín in. Ibi tó bá gé kúrò kò ní gba yíǹkì, ibi tó bá ṣẹ́kù ló máa gbà á. A ó fi rólà yí yíǹkì lé e lórí, a ó gbé bébà lé e, a ó sì tẹ̀ ẹ́. Ibi tí Onobrakpeya ti mú iṣẹ́ yìí le ni àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wáyé ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn òmìnira, ní Ìbàdàn àti Òṣogbo, níbi tí Ulli Beier àti ẹgbẹ́ Mbari ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Ru van Rossem, ará Netherlands tó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wòrán dénú, wà lára àwọn tó wá kọ́ wọn, òun ló sì fi fífi ásíìdì fín páànù hàn wọ́n. Ìyẹn yàtọ̀ sí líno. A ó fi ìda bo páànù síńkì, a ó fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sínú ìda náà, ásíìdì á wá jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí. A ó nu ìda kúrò, a ó kun yíǹkì wọ inú kòtò, a ó nu ojú páànù mọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà a ó fi bébà tútù lé e lórí gba abẹ́ rólà ẹ̀rọ tó wúwo. Yíǹkì inú kòtò ló máa wá sórí bébà.

Àlàyé yìí gùn, ṣùgbọ́n láìsí i, ìtàn owó inú rẹ̀ kò ní yé wa. Ẹni tó fi ọ̀dà kun kánfáàsì ní ọjà kan ṣoṣo láti tà. Bí kò bá rí olówó, ó di kó gbé e kọ́ sí pálọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó fín páànù lè tẹ àádọ́ta jáde láti ara rẹ̀, kó fi pẹ́ńsù kọ 7/50 sí ìsàlẹ̀ ti keje, kó sì tà á ní owó tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí ọ̀dọ́ lọ́yà lè rí. Ní Èkó ìgbà yẹn, àlejò òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra àwòrán, ohun tó sì máa rọrùn fún wọn láti ká sínú àpótí lọ ilé ni bébà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Zaria mọ àwòrán yà ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló yan iṣẹ́ tí ó lè gbé ilé iṣẹ́ ró. Ìdí tí mo fi ń sọ pé yíyàn yìí ló dá Ovuomaroro sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìjáfáfá nínú òwò.

Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣeré. Láti 1963 títí di 1980 ló fi kọ́ni ní àwòrán ní St. Gregory's College ní Ọbáléndé. Ọdún 17 gbáko. Àwọn tó ń sọ fún ọ̀dọ́ lónìí pé kí wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá ka iye ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó oṣù ló ń ra bébà àti yíǹkì, tó ń ra páànù àti ásíìdì, òun náà ló sì fún un ní àyè láti kọ iṣẹ́ tí kò wù ú. Ìsinmi ilé ìwé, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń tẹ àwòrán.

Iṣẹ́ ìjọ náà wọlé. Fadá Kevin Carroll ti kọ́kọ́ wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, níbi tí ó ti kó àwọn agbẹ́gilére bíi Bándélé ọmọ Aréògún àti Lámídì Fákẹ́yẹ jọ láti gbẹ́ ère Ìhìnrere lọ́nà Yorùbá. Ọ̀dọ̀ Carroll ni iṣẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Paul ní Ẹbùté Mẹ́tta ti wá, ìtàn ibùdó mẹ́rìnlá tí Jésù gbà kọjá lọ sórí àgbélébùú. Onobrakpeya gbé ìtàn náà sí ilẹ̀ wa. Ilé tó wà lẹ́yìn Jésù jẹ́ ilé tí a mọ̀, aṣọ àwọn obìnrin tó ń sunkún kún fún àpẹẹrẹ àdìrẹ, àwọn tó sì ń fìyà jẹ ẹ́ múra bí agbófinró ayé amúnisìn. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ṣọ́ọ̀ṣì dà bí ti Róòmù lè má fara mọ́ ọn. Ní 1969, ó fín àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá náà sára líno, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde lórí bébà. Ògiri kan wà ní Ẹbùté Mẹ́tta. Bébà ti tú ká.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọdún tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, 1967 ni n ó mú, kódà kí orúkọ Ovuomaroro má tíì sí lára ògiri. Ọdún tí ogun abẹ́lé dé Bìní ni, tí ọmọ ogun Biafra gba ìlú náà ní oṣù kẹjọ, tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì gbà á padà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní Èkó, Onobrakpeya kó páànù síńkì sínú ásíìdì hydrochloric, ásíìdì náà sì jẹ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó dá a lu. Páànù wọ́n. Dípò kó jù ú nù, ó fi gọ́ọ̀mù líle dí ibi tó bàjẹ́, ó kun yíǹkì sí i, ó sì fi gba abẹ́ ẹ̀rọ. Bébà tútù náà wọ inú àwọn kòtò jíjìn yẹn, nígbà tó sì gbẹ, ojú rẹ̀ ti wú síta bí ohun tí wọ́n gbẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á lójú á mọ ibi tí ìlà gbà kọjá. Onobrakpeya fúnra rẹ̀ ló ń pe ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ní ìjàǹbá ásíìdì hydrochloric. Ọnà tó ti ibẹ̀ jáde ló sọ ní plastograph.

Nígbà tó kọ́kọ́ fi àwọn bébà yìí hàn, kò sí ẹlòmíì ní Nàìjíríà tó ń ta irú rẹ̀. Èmi kò mọ ohun mìíràn tó ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ilé iṣẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹ sì wo ohun tó wà lórí bébà náà: àwòrán tó yọ gọngọ kúrò lára pátákó, àmì tí kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú pátákó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi idẹ ṣe, ló ti wà lára òpó ààfin ní Ogbe rí, kí ogun 1897 tó kó wọn lọ. Èrò tèmi ni pé ọmọ tí Igun kò lè gbà wọlé ti bá ẹ̀yìnkùlé wọlé, pẹ̀lú bébà àti síńkì.

Kò sí ohun tó ń ṣòfò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá tẹ iye ẹ̀dà tó fẹ́ tán láti ara líno, a máa lẹ líno náà mọ́ pátákó, a fi ọ̀dà aláwọ̀ idẹ kùn ún, á sì di ọnà tuntun tí wọ́n lè gbé kọ́. Láti 1966 ló ti ń ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ ojú páànù tó ti fín, kí àwòrán náà lè jáde gẹ́gẹ́ bí idẹ fúnra rẹ̀. Àwòrán kan lè jáde ní bébà, ní líno àti ní idẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì rà ní ìwọ̀n àpò rẹ̀. Oníṣòwò Balógun yóò gbà pé ẹni yìí mọ nǹkan tó ń ṣe.

Muṣin ló fi ṣe ibùdó, ní Papa Ajao. Ìkòyí ń pe àwọn oníṣẹ́ ọnà, Ìsàlẹ̀ Èkó ní ojú ayé, ṣùgbọ́n Muṣin ní ààyè, ó sì ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní gbogbo ìkángun: àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń rán awọ, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ tó wà ní àdúgbò kan náà. Ẹ̀rọ tí ó ń tẹ àwòrán kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ̀. Ní Muṣin kan náà, ní Ìdí-Òro, ni Fẹlá ti dá Kalakuta sílẹ̀. Fún Fẹlá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Lemi Ghariokwu, ya ojú àwo *Alagbon Close* ní 1974, tó sì wá ya ọ̀pọ̀ àwo mìíràn fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí FESTAC parí, àwọn ọmọ ogun sun Kalakuta. Bí wọ́n bá ń kọ ìtàn gíráfíìkì Nàìjíríà, ó yẹ kí wọ́n yọ Muṣin sọ́tọ̀ ní orí kan, ibi tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kì í fẹ́ kí takisí wọn gbà kọjá.

Ó di 1980 kí ó tó fi St. Gregory's sílẹ̀, nígbà tó ń lọ sí ẹni ọdún 48. Ovuomaroro Studio and Gallery ni ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì àti pólí máa ń wá lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rí lẹ́yìn ìdánwò. Ọ̀kan ń fín, ọ̀kan ń po yíǹkì, ọ̀kan ń rẹ bébà sómi, ọ̀gá ń fọwọ́ sí i. Àgbà oníṣẹ́ ọnà mìíràn á tijú láti sọ pé ọwọ́ ẹlòmíì wà nínú iṣẹ́ òun. Ẹni tó bá ti dàgbà ní ìlú Igun kò ní tijú rẹ̀.

Láàárín ọdún 1978 sí 1986, ó dá àmì ìkọ̀wé kan sílẹ̀ tó pè ní Ibiebe, láti inú àwọn ohun tí àwọn Urhobo fi ń ronú: ẹ̀sìn, òfin, ìtàn ìdílé. Kì í ṣe álífábẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ lẹ́tà. Àmì kọ̀ọ̀kan gbé èrò kan, ó sì ń tò wọ́n sára àwòrán bí ìgbà tí babaláwo ń tẹ ojú odù sórí ọpọ́n. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, owó ńlá ni wọn ì bá gbà lórí rẹ̀. Òun ṣe é fún ara rẹ̀, ó sì di ohun tí a fi ń dá iṣẹ́ Ovuomaroro mọ̀ láti òkèèrè.

Ilé iṣẹ́ náà di òǹtẹ̀wé pẹ̀lú. Ovuomaroro fúnra rẹ̀ ló gbé *Symbols of Ancestral Groves* jáde ní 1985, *Sahelian Masquerades* ní 1988, àti *The Spirit in Ascent* ní 1992. Fún èmi, àwọn ìwé yìí ṣe pàtàkì tó àwòrán. Ẹni tó ti fi ọ̀dọ́ rẹ̀ yàwòrán sínú ìwé àwọn ẹlòmíì, fún àwọn atẹ̀wé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wá ń tẹ ìwé tirẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa tó lókìkí kú láìní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ àti àwọn olùrà á máa bá ara wọn jà lórí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ti ẹni tó ń kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ gbogbo bébà tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Oyè bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdálọ́lá ní 1989. Ní 1990, òun àti El Anatsui ló lọ fún Nàìjíríà sí Biennale ní Venice, àwọn mẹ́ta mìíràn sì wá láti Zimbabwe. Ní 2006, UNESCO kà á mọ́ àwọn ènìyàn tó jẹ́ ìṣúra alààyè. Mo kàn ń to ìwọ̀nyí ni. Kò sí èyí tó yí ohun tó ń ṣe ní Papa Ajao padà.

Ohun tó yí i padà ni ìlú tí wọ́n ti bí i. Ní 1998, ó bẹ̀rẹ̀ Harmattan Workshop ní Agbarha-Otor, ọdún kejì ló dá Bruce Onobrakpeya Foundation sílẹ̀ láti máa gbé e. Lọ́dọọdún ni àwọn oníṣẹ́ ọnà láti gbogbo Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn kan láti òkèèrè, ń kó ara wọn lọ sí abúlé Urhobo yẹn, wọ́n ń gbẹ́ òkúta, wọ́n ń mọ amọ̀, wọ́n ń tẹ àwòrán, wọ́n ń rán awọ. Olùkọ́ yunifásítì lè jókòó ti ọmọ tí kò kàwé dé sẹ́kọ́ńdìrì, kí àwọn méjèèjì jọ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín páànù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbari tí òun fúnra rẹ̀ lọ nígbà ọ̀dọ́ ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ti Ìbàdàn àti Òṣogbo kò pẹ́ tí wọ́n fi tán, torí pé ọwọ́ àwọn àlejò tó ń bọ̀ tó ń lọ ni wọ́n wà. Ti Agbarha-Otor ní ilẹ̀, ó ní ilé, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ní owó ohun tí wọ́n tà ní Muṣin láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ní 2023, nígbà tí Onobrakpeya ti kọjá ẹni 90 ọdún, High Museum ní Atlanta ṣe àfihàn kan fún un tí wọ́n pè ní *The Mask and the Cross*. Ibùdó mẹ́rìnlá ti 1969 ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀, wọ́n sì gbé àfihàn náà lọ sí Smithsonian ní Washington lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti gbé àwọn líno náà hàn ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó ní láti béèrè ògiri lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ẹbùté Mẹ́tta. Bébà ni wọ́n, nọ́ńbà wà lára wọn, àwọn ẹ̀dà mìíràn sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó rà wọ́n.